Ilẹ̀ Olókùúta Tí Mo Fi Ẹ̀rín Gbà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi nínú ìtàn yìí, ẹ ò ní rí i. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù yín o. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, tó fi mọ́ ìpolówó ọṣẹ. Mi ò fẹ́ kó ṣàdédé rí orúkọ ara rẹ̀ níbi tó ti ń mu tíì láàárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín ni bí mo ṣe rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ lójú ọ̀sán gangan, tó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Àǹtí mi ni mo máa ń pè é, ọdún mẹ́jọ ló sì fi jù mí lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, ó fi ilẹ̀ oko kan sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìlú. Ìlàjì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ìlàjì tó wà lókè jẹ́ kìkì òkúta. Àǹtí mi ní kí n kọ́kọ́ mú, torí èmi ni àbúrò. Mi ò fi àkókò ṣòfò. Mo mú ìsàlẹ̀.

Kùkúmbà àti tàtàṣé ni mò ń gbìn níbẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló sì ń rà á. Àǹtí mi ní tirẹ̀ ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin. Wàhálà tó ń bá àwa méjèèjì fínra kò ju ọ̀kan lọ: omi. Omi ìjọba kò dé ẹ̀yìn ìlú, táńkà ló ń gbé omi wá fún wa. Awakọ̀ táńkà náà, Mo-Ti-Wà-Lọ́nà la sọ ọ́, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà téèyàn bá pè é, kódà bó bá jẹ́ inú balùwẹ̀ ló wà tí ẹ sì ń gbọ́ bó ṣe ń da omi sára.

Lọ́sẹ̀ kan báyìí, Mo-Ti-Wà-Lọ́nà wà lọ́nà fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Kùkúmbà mi rọ bí etí ewúrẹ́. Èyí tí kò rọ nínú wọn korò débi pé ọ̀gá àwọn alásè ní òtẹ́ẹ̀lì kan pè mí.

Ó ní, "Màdáàmù, ṣé kùkúmbà lẹ kó wá ni àbí oògùn ibà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ wá ọkùnrin kan tó máa ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kéèyàn tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Dókítà Àpáta ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó dé fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ tó bo ọrùn rẹ̀, ó sì máa ń bá òkúta sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré. Ó kan àwọn irin wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ àpótí kan tó ní nọ́ńbà lójú. Ó ní iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ lòun ń rán lọ sínú ilẹ̀, pé iná náà á sì padà wá jíṣẹ́ ohun tó bá pàdé níbẹ̀. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀ tán, wáyà rẹ̀ ṣì kù, ara rẹ̀ sì ń yún un. Ló bá gun òkè lọ sórí ilẹ̀ Àǹtí mi. Mo tẹ̀ lé e.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ya àwòrán kan sórí ìwé, ó sì pè mí sábẹ́ igi.

"Màdáàmù, ẹ jókòó."

"Ṣé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò le rárá. Ó rọ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà." Ó fọwọ́ lu àwòrán náà. "Amọ̀ ló kún abẹ́ ilẹ̀ yín, ó sì nípọn gan-an. Omi wà nínú amọ̀ náà o, àmọ́ kò ní yọ̀ǹda ẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga síbí, ẹrẹ̀ lẹ máa fà jáde."

Mo tọ́ka sókè. "Òkè ńkọ́?"

Ẹ wá wo ojú Dókítà Àpáta! Ó tàn bí ti ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún.

"Àpáta tó wà lókè yẹn ti sán látọdúnmọ́dún. Ibi tó sán yẹn gùn, ó sì jìn. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí òkè, inú ẹ̀ ló ń wọ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ń kóra jọ sí. Ẹ rí èèkàn pupa tí mo kàn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ńlá yẹn? Tí wọ́n bá gbẹ́ nǹkan bí igba ẹsẹ̀ bàtà síbẹ̀, omi á tú pẹ̀ẹ̀. Ta ló ni ibẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni."

"Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní báyìí! Ẹ sọ fún wọn pé orí omi ni wọ́n jókòó sí!"

"Màá sọ fún wọn," ni mo wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Kódà mo ti yọ fóònù. Àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ mu omi ná. Lẹ́yìn náà, mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo bá ara mi lókè, lórí ilẹ̀ Àǹtí mi, mo fa èèkàn pupa yẹn tu, mo sì yí òkúta rìbìtì kan sójú ibẹ̀ kí n má bàa gbàgbé. Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kọ ọ́ ni.

Kò tó wákàtí kan sí i tí Àǹtí mi fi dé, tòun ti òógùn lójú.

"Àbúrò mi, ilẹ̀ yìí fẹ́ pa mí o! Mo ní kí àwọn bíríkìlà wá fi ìpìlẹ̀ ilé adìyẹ tuntun lélẹ̀ ní òdìkejì òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ṣẹ́ dígà méjì látàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí bóyá ilé adìyẹ ni mo fẹ́ kọ́ àbí sàréè ọba!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bí Àǹtí mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kó tó sunkún, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ya ẹnu láti sọ fún un. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi: Àǹtí mi, omi wà lábẹ́ yín. Àmọ́ mo rí kùkúmbà mi tó rọ. Mo gbọ́ ohùn alásè yẹn létí mi. Mo rò ó pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ló ń wù ú, omi ló sì ń wù mí, pé ta wá ni mo gbé nǹkan ẹ̀ lọ? Ọ̀rọ̀ náà yí padà lórí ahọ́n mi.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi wí.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀. "Pààrọ̀ kí ni?"

"Ilẹ̀. Ẹ wá sísàlẹ̀, kí n bọ́ sókè. Kùkúmbà kì í ta gbòǹgbò jìn. Mo lè kó iyẹ̀pẹ̀ dà sáàárín òkúta kí n sì máa gbìn ín síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ nílò ilẹ̀ tó tẹ́jú."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó ti rí mi láwòdénú. Àṣé omijé ló ń gbára jọ. Ó fà mí mọ́ra, òógùn tòun tomijé, ó ní, "Ta ló ní irú àbúrò báyìí? Ta ló ní i?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi gba ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a lọ sọ́dọ̀ lọ́yà láti lọ yí ìwé ilẹ̀ padà. Ìyá wa tẹ̀ lé wa. Àdúrà tó gbà fún mi ní ọ́fíìsì yẹn gùn débi pé lọ́yà gbé bírò sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń ṣe àmín bí ọmọ iléèwé.

"Bó o ṣe ṣàánú ẹ̀gbọ́n rẹ," ni ìyá wa ń wí, "Ọlọ́run á ṣàánú ìwọ náà. Ohun tó wà nínú ọkàn rẹ gan-an ni Ọlọ́run máa fi san án fún ẹ!"

Àmín tí mo ṣe sí ìyẹn kò jáde dáadáa.

Mi ò mọ̀ pé ibi tí ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí mi kì í gbé oore mì. Ó sọ ọ́ nílé ìṣerunlóge. Ó sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Mo-Ti-Wà-Lọ́nà, ìyẹn náà sì ń gbé e kiri bó ṣe ń gbé omi. Láàárín oṣù kan, orúkọ mi ti yí padà. Àbúrò Rere ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí á na ọwọ́ sí mi lójú títì: "Àbúrò Rere, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ gbọ́, kò sí ohun tó ń yún èèyàn lára bí ìyìn tí kò tọ́ sí i.

Ọkọ mi nìkan ni kò bá wọn yìn mí. Télọ̀ ni, ojú rẹ̀ sì mú.

"Ìwọ yìí," ló wí, tó gbé síṣọ́ọ̀sì dání, "ìwọ tó ò jẹ́ kí n fẹnu kan ife tíì rẹ, ìwọ lo fi ilẹ̀ tó dáa sílẹ̀ gba òkúta?"

"Ìfẹ́ ẹbí ni."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo aṣọ tí oníbàárà sọ pé ó pé yáàdì mẹ́ta, tó sì mọ̀ pé kò pé.

Mo ní sùúrù fún oṣù méjì kó má bàa fu ẹnikẹ́ni lára. Lẹ́yìn náà, mo pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, mo sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbi òkúta rìbìtì yẹn. Ọkọ̀ ńlá tó gbé irin ìgbẹ́lẹ̀ náà bú ramúramù láti àárọ̀. Eruku funfun bo gbogbo wa, a dà bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun. Nígbà tó di ọ̀sán, eruku náà di tútù. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ pariwo hùù, omi sì ta jáde, ó ga ju òrùlé ilé lọ!

Àǹtí mi sáré gun òkè wá, bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ọlọ́run ti san án fún ẹ!" ló ń pariwo. "Oore tó o ṣe, Ọlọ́run ti san án!"

Ó ń fò sókè nínú omi yẹn bí ọmọdé. Èmi náà ń fò. Ó rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, ó bi mí, "Ta ló bá ẹ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò?"

Ẹ rí i, àyè àtisọ òótọ́ tún ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún tì í pa.

"Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kàn méfò ni."

"Tí omi bá wà nínú òkúta, á jẹ́ pé ó pọ̀ rẹpẹtẹ nísàlẹ̀ nìyẹn," ló wí. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun. Mo mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Mo dúró tì í, mo káwọ́ lẹ́yìn, mò ń wò wọ́n. Wọ́n gbẹ́ àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ ló jáde. Wọ́n gbẹ́ ìkejì, ẹrẹ̀ tó tún ki jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jáde, ó sì lẹ̀ mọ́ irin wọn pinpin. Ọ̀gá wọn nu ojú, ó ní, "Ẹ máa bínú, mà. Ilẹ̀ yìí ń mu omi bí ọ̀mùtí, kì í sì í bì."

Ojú ti Àǹtí mi. Ó ní òun ló kánjú.

Kí ọkàn mi lè rọ̀ díẹ̀, mo fa páìpù láti òkè lọ sí ilé adìyẹ rẹ̀, mo sì fi táàpù sí i lọ́dọ̀ mi lókè. Mo ní kó máa lo omi bó ṣe wù ú. Mo rò pé ìyẹn ti wẹ gbogbo ẹ̀ nù. Ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe? Ó tún lọ sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Fún ìgbà díẹ̀, ayé dùn. Kùkúmbà mi gùn, ó tutù, ó dùn. Alásè tó bú mi lọ́jọ́ kìíní ń pè mí ní màmá. Mo fẹ oko, mo gba òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta kún un. Mo wá gbàgbé pé omi inú àpáta náà kì í ṣe òkun.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ẹ̀rọ tó ń fa omi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Á fa omi díẹ̀, á fa afẹ́fẹ́, á tún fa omi. Ó hàn gbangba pé omi náà kò lè tó kùkúmbà àti adìyẹ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, oòrùn mú bí iná àgbẹ̀dẹ. Òtẹ́ẹ̀lì kan ń gba àlejò rẹpẹtẹ, wọ́n fẹ́ kùkúmbà lọ́jọ́ kejì, àwọn ewé mi sì ti ń ká kò. Àǹtí mi ti mú ìyá wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Mo dúró níwájú táàpù yẹn. Mo ní, wákàtí méjì péré ni. Adìyẹ náà ṣáà mu omi láàárọ̀.

Mo ti táàpù.

Wákàtí méjì di mẹ́rin. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní, ẹ jẹ́ kí ìlà tó kù yìí mumi tán ná.

Fóònù mi dún. Ohùn Àǹtí mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Àbúrò mi, àwọn adìyẹ mi ti kú. Wọ́n ju igba lọ. Wọ́n kàn la ẹnu sílẹ̀ báyìí ni. Omi kò yọ. Ṣé ẹ̀rọ bàjẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ẹ̀rọ bàjẹ́."

Mo sáré lọ bá a. A jọ kó adìyẹ tó ti kú jáde, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀. Mò ń sunkún, mi ò sì lè dákẹ́. Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Dákẹ́. Ẹ̀rọ ni, ohunkóhun lè ṣe ẹ̀rọ. Kùkúmbà tìẹ ńkọ́? Ṣé kò kú?"

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iná ṣe ń jóni láìní ẹ̀fín, ẹ wá bi mí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn, pé olùkọ́ kan ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa omi àti ilẹ̀ oko. Àǹtí mi ló gba àyè sílẹ̀ fún mi ní ìlà iwájú. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó ti kọ ìbéèrè márùn-ún sínú ìwé. Mo ń bá a ṣàwàdà, àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, tí fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ kan wọlé.

Dókítà Àpáta!

Mo fẹ́ dìde, Àǹtí mi dì mí lọ́wọ́ mú. "Níbo lò ń lọ? Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó dùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wo ilẹ̀, pé èyí tó dára lójú lè gbẹ nínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yín níbí." Ó tẹ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Àwòrán tí mo rí lábẹ́ igi lọ́jọ́sí yọ lára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ: amọ̀ nísàlẹ̀, àpáta tó sán lókè, àmì pupa lójú ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́.

"Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ni ilẹ̀ yìí," ló wí. "Àbúrò ló pè mí. Ilẹ̀ tirẹ̀ tẹ́jú, amọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀, kò sómi. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ òkúta, omi ló wà lábẹ́ ẹ̀!" Ó ń fi igi tọ́ka káàkiri, ló bá rí mi. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ ò rí nǹkan! Màdáàmù náà nìyí! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà! Ẹ sọ fún wọn o. Kí ni ẹ̀gbọ́n yín sọ nígbà tẹ́ ẹ sọ fún wọn pé orí omi ni wọ́n jókòó sí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Àǹtí mi kò wò mí. Ara ògiri ló ń wò. Déètì wà nísàlẹ̀ àwòrán náà. Mo rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì bó ti ń kà á. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé ṣáájú ọjọ́ tá a lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.

Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Ó dìde, ó sì bi Dókítà Àpáta pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó ni ilẹ̀ amọ̀ yẹn, ṣé á mọ̀ pé ẹrẹ̀ ló máa jáde bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ?"

"Á mọ̀ dáadáa, mà. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ṣé, sà." Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín gbọ̀ngàn jáde. Ẹni kan lẹ́yìn mi ní, "Àbúrò Rere!" Kò pariwo, àmọ́ gbogbo wa gbọ́.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe délé. Ọkọ mi ti gbọ́ kí n tó dé. Ó gbé àga fún mi, kò sì bú mi. Ìyẹn tiẹ̀ burú ju kó bú mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àǹtí mi nínú ilé adìyẹ. Ó ń ṣa ẹyin. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ìgbẹ́ adìyẹ kún yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́," ló wí. "Lọ́jọ́ tí adìyẹ mi kú. Ṣé ẹ̀rọ bàjẹ́ lóòótọ́?"

Mo lè parọ́. Kò sí ẹni tó rí mi lọ́jọ́ yẹn, Dókítà Àpáta gan-an kò mọ̀.

"Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Èmi ni mo ti táàpù. Kùkúmbà mi ni mo fi omi náà fún."

Ó mi orí. Ó gbé ẹyin kan, ó wò ó, ó rọra gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. "O ṣeun tó o sọ òótọ́. Máa lọ."

A padà sọ́dọ̀ lọ́yà, a sì dá ìwé ilẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá wa kò gbàdúrà. Ó ní àdúrà tòun gbà lọ́jọ́sí, òun ti gbà á padà, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́yà ní kò sí àyè irú ẹ̀ nínú ìwé. Ìyá wa ní kó wá àyè.

Mo kó kùkúmbà mi padà sísàlẹ̀, sórí amọ̀ mi. Mo ti ń wá nọ́ńbà Mo-Ti-Wà-Lọ́nà. Àmọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kìíní, omi yọ lẹ́nu páìpù tí mo fà láti òkè lọ́jọ́sí. Mi ò bẹ Àǹtí mi fún un. Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́fà, ó tún yọ. Ó máa ń yọ fún wákàtí kan, á sì dá. Kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo yẹ̀.

Omi ń wá o, ọ̀rọ̀ ni kò wá. Oṣù mẹ́jọ ni Àǹtí mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i, á mi orí. Bí mo bá ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, á kà á, kò ní dáhùn. Ká ní ó gé omi náà ni, ǹ bá rí ohun tí màá fi bínú. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí omi yẹn bá ti yọ, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń nà mí lẹ́gba olówùú.

Mo lọ bẹ Dókítà Àpáta náà, torí mo sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí láìsọ fún un. Kò tiẹ̀ bínú. Ilẹ̀ ló tún ń rò.

Ó ní, "Màdáàmù, amọ̀ yín yẹn, bí kò ṣe ṣeé fa omi jáde nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni omi kì í jò gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ gbẹ́ adágún síbẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Gbogbo omi òjò tó bá wọ̀ ọ́ máa dúró."

Mo gba òṣìṣẹ́ méjì, èmi náà sì gbé ṣọ́bìrì. A gbẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀yìn mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ohun tí mo kọ́ nínú gbogbo ẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí ẹ bá mọ ohun kan tó máa ṣe ẹbí yín láǹfààní, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó mu omi, kí ẹ tó jẹun. Èmi kọ́kọ́ jẹun, ẹ sì ti rí ibi tó gbé mi dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a fẹ́ parí adágún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sinmi. Èmi nìkan ni mo wà nínú kòtò, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Mo gbójú sókè, mo rí Àǹtí mi tó dúró létí rẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn. Mi ò mọ ìgbà tó dé.

Ó wo kòtò náà láti ìhín dé ọ̀hún.

"Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn kò jìn tó," ló wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ.

"Níbo, Àǹtí mi?"

"Níbi tó o dúró sí yẹn."

Mo gbé ṣọ́bìrì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Kò lọ. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sétí kòtò, ó sì ń fi ìka tọ́ka ibi tó kù fún mi títí mo fi gbẹ́ ẹ tán.